Májèlé wo ló lè pa eku ilé wa tán?

Ìyàwó ilé kan ní Ìbàdàn ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Ilé bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé, lápá Bẹẹrẹ: ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára, òrùlé páànù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ẹbí oríṣiríṣi nínú wọn. Yàrá méjì ni tiwọn. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni eku máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí àjà. Wọ́n ti lu àpò èlùbọ́ rẹ̀ jẹ, wọ́n sì ti gé wáyà iná kan. Ó ra májèlé lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Mélòó kan kú, òórùn gba inú ògiri fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan, kí òórùn náà sì tó lọ tán, eku mìíràn ti dé. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n lọ wá ológbò. Ohun tó ń bi mí ni pé: májèlé wo ló le jù, tí yóò pa wọ́n tán pátápátá?

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ìyá wa. Iṣẹ́ wolé-wolé ni iṣẹ́ mi, irú ilé tí ẹ ṣàpèjúwe yìí sì pọ̀ nínú àwọn tí mo ti wọ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: kò sí májèlé tó lè pa eku ilé yín tán, ì báà jẹ́ èyí tó le jù lọ́jà. Ilé náà gan-an ló ń gbà wọ́n lálejò. Oyún èkúté kékeré inú ilé kì í ju nǹkan bí 20 ọjọ́ lọ. Ó lè bí márùn-ún sí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ náà kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ kí àwọn náà tó máa bí. Ẹni tó bá pa mẹ́wàá lónìí, tí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé ṣì là sílẹ̀, tí èlùbọ́ ṣì wà nínú àpò, àyè ló ṣí sílẹ̀ fún mẹ́wàá mìíràn láti gọ́tà àti ààtàn. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu ògiri yín la máa bá wí.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ mọ irú èyí tó wà nílé yín ná, nítorí ìwà wọn ò bára mu. Ẹ wo ìgbẹ́ wọn. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣóńṣó lẹ́nu, tí kò gùn ju mílímítà 6 lọ, ti èkúté kékeré ni. Èyí tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀, tí ẹ sì rí lórí àjà tàbí lára igi òrùlé, ti eku ńlá tó ń gun òkè ni. Òun ni mo fura sí pé ó ń sáré gìrì-gìrì lórí yín lóru, torí èkúté kékeré kò wúwo tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn kan tó mú, tí nǹkan sì ń dún ṣín-ṣín nídìí ògiri, asín nìyẹn. Asín kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yà sídìí gàrí. Aáyán àti kòkòrò ló ń wá kiri, bí aáyán bá sì dín kù nínú ilé, òun náà á wábi gbà lọ. Èyí tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ni eku aláwọ̀ ilẹ̀ kan tí ọmú abo rẹ̀ tò lọ rẹrẹ láti àyà dé ìdí. Oko àti igbó ẹ̀yìn ilé ló ti ń wá, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá dáná sungbó, ó sì fẹ́ràn ilé alámọ̀. Òun ló ń gbé ibà Lassa. Màá padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ojú ọ̀nà wọn. Eku kì í rìn ní gbangba. Etí ògiri ló ń gbà, ojú kan náà lálaalẹ́, ara rẹ̀ tó lọ́ràá á sì fi ìlà dúdú kan tó ń dán sílẹ̀ níbi tó ti ń fara ra ògiri. Bí ẹ bá fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fún ìwé ìròyìn àtijọ́ pọ̀, kí ẹ fi dí gbogbo ihò tí ẹ bá rí, kí ẹ má kì í le. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èyí tí wọ́n bá tì jáde tàbí tí wọ́n gé jẹ ni ihò tí wọ́n ń lò. Èyí tó bá dúró bó ṣe wà fún alẹ́ mẹ́ta, wọ́n ti fi sílẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí àwọn tí wọ́n ń lò. Níbi tí kò bá dá yín lójú, ẹ wọ́n àtíkè díẹ̀ sílẹ̀: ẹsẹ̀ kéékèèké á hàn lórí rẹ̀, ìrù á sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín wọn. Ẹ má fi ìyẹ̀fun tàbí èlùbọ́ ṣe é, ẹ ó kàn máa bọ́ wọn ni. Ẹ má sì fojú kékeré wo ihò kankan. Ihò tí báírò bá lè wọ̀, èkúté lè gbà á kọjá, torí bí orí rẹ̀ bá ti wọlé, ara á tẹ̀lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi pa èyí tó wà nílé báyìí ni pańpẹ́ pátákó pẹlẹbẹ tó ní irin tó ń ta, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ó ń pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ sì máa rí òkú wọn gbé sọnù, kò ní í jẹrà sínú ògiri. Àṣìṣe tí mò ń rí jù ni pé pańpẹ́ kan ṣoṣo ni èèyàn máa dẹ, àárín yàrá ni yóò dẹ ẹ́ sí, yóò sì gbé ègé ẹran ńlá lé e lórí. Ẹ ra tó mẹ́wàá tàbí méjìlá, kí ẹ dẹ gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó sàn ju kí ẹ dẹ ọ̀kan fún alẹ́ méjìlá lọ, nítorí alẹ́ àkọ́kọ́ ni wọn ò tíì kọ́gbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ẹ ti sàmì ni kí ẹ gbé e sí, kí ibi tí oúnjẹ wà kan ògiri gbágbá, kí ìdí rẹ̀ yọ sí inú yàrá. Bí eku bá ti ọ̀tún bọ̀ tàbí òsì, yóò kó sí i. Fún èkúté kékeré, ẹ má jẹ́ kí àlàfo láàárín ọ̀kan sí èkejì ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, torí kì í rìn jìnnà sí ìtẹ́ rẹ̀.

Oúnjẹ tó dáa jù ni èkùrọ́ tí ẹ yan títí tó fi ń ta sánsán. Ẹ fi òwú so ó mọ́ ojú pańpẹ́ kí eku má baà rọra jí i gbé. Ẹ̀pà yíyan tí ẹ gún, tí kò ju orí ọmọ ìka lọ, tàbí orí ẹja gbígbẹ, dára bákan náà. Abo tó ń wá ohun tí yóò fi tẹ́ ibùsùn ọmọ máa ń fa òwú rírọ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i pé wọn ò wo oúnjẹ, ẹ so òwú díẹ̀ mọ́ pańpẹ́ méjì kan. Bí ọmọ yín bá wà nílẹ̀, ẹ fi àpótí tí ẹ gé ihò sí nídìí bò ó mọ́lẹ̀, kí eku rí ọ̀nà wọlé, kí ọwọ́ ọmọ má lè dé ibẹ̀.

Eku ńlá orí àjà máa ń fura sí ohun tuntun. Ẹ gbé pańpẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́ lórí rẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láìdẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé èkùrọ́ ń tán lálaalẹ́ ni kí ẹ dẹ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Kí ẹ fi okùn so pańpẹ́ mọ́ igi òrùlé, kí èyí tí kò bá kú tán má baà wọ́ ọ lọ sí kọ̀rọ̀ tí ẹ ò ti ní rí i. Ẹ máa dẹ pańpẹ́ nìṣó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá rí i pé kò mú nǹkan mọ́, torí bí ẹ bá pa ìyá, àwọn ọmọ tó ṣì ń mu ọmú nínú ìtẹ́ nìkan ni yóò kú; àwọn tó ti lè jẹun á jáde.

Bí pańpẹ́ bá ti dín wọn kù, ẹ ké sí bíríkìlà. Ibí ni ilé alámọ̀ ti yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà ti ń gba owó lásán lọ́wọ́ onílé. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í pẹ́ túra wọn ká. Amọ̀ á wú bó bá mumi, á sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì le gbagidi, kì í bá a rìn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri á ṣí kúrò lára amọ̀ láìjábọ́, àlàfo tóóró á sì wà láàárín àwọn méjèèjì láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri yín, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ibi tó bá dún kì ṣì lẹ̀ mọ́ra. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, òpópónà eku ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé irú rẹ̀ ṣí nílé kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lọ sókè, amọ̀ rẹ̀ ti dán nítorí ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ́ wà láàárín ọ̀nà, fóòmù ìrọ̀rí àti ọ̀rá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀wà tó ju ẹ̀kúnwọ́ lọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ihò tí wọ́n ń gbà wọ gbogbo rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló sì wà. Ẹ̀yìn irú sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí májèlé yín pa wọ̀ lọ kú sí, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń gbóòórùn tí ẹ ò rí òkú.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fi sìmẹ́ǹtì lásán lẹ ojú ihò kó sì gbowó lọ. Kí ó gé gbogbo ibi tó ti ṣí kúrò, títí yóò fi kan ibi tó lẹ̀ dáadáa. Kí ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, kí ó wọ́n omi sí amọ̀ náà kó tutù. Lẹ́yìn náà, kí ó ki kànrìnkàn onírin, èyí tí a fi ń ha ìdí ìkòkò, wọ inú ihò pẹ̀lú àfọ́kù ìgò. Eku lè gé igi, ó lè gé rọ́bà, ó lè gé amọ̀, kódà ó lè gé sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ tán, ṣùgbọ́n ìgò á gé e lẹ́nu, irin á há a léyín. Níbi tí omi ń dé, kànrìnkàn á dípẹtà; nẹ́ẹ̀tì irin olójú wẹ́wẹ́ ni kí ẹ lò níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ni kí ó fi dí ojú rẹ̀, kí wọ́n po yanrìn àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tí mo máa ń sọ fún wọn ni iyẹ̀pẹ̀ mẹ́fà, yanrìn mẹ́ta, sìmẹ́ǹtì kan. Irú èyí bá ara ògiri mu, bí ògiri bá wú, òun náà á wú díẹ̀. Kí ó rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kí èkíní fà díẹ̀ kí èkejì tó gùn ún. Bíríkìlà tó bá ń rẹ́rìn-ín pé amọ̀ ti di ohun àtijọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kò le: káfíńtà á kan páànù pẹlẹbẹ mọ́ ọn kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ibi tí páìpù àti wáyà iná gbà wọlé, bákan náà ni ti ihò yòókù.

Òkè ni iṣẹ́ wà. Páànù òrùlé ní òkè àti kòtò. Níbi tó bá ti gun orí ògiri, abẹ́ òkè kọ̀ọ̀kan jẹ́ ihò tí ọwọ́ ọmọdé lè wọ̀, ó sì tò bẹ́ẹ̀ láti ìgun ilé kan dé èkejì. Ẹ lè dí gbogbo ihò ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa gba òkè wọlé bí onílé. Kí káfíńtà kan nẹ́ẹ̀tì irin olójú wẹ́wẹ́ yí etí òrùlé ká, èyí tí ojú rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ. Afẹ́fẹ́ á máa wọlé, eku á dúró síta. Bí igi máńgòrò tàbí igi mìíràn bá na ẹ̀ka sórí páànù, kí ẹ gé e títí yóò fi jìnnà sí òrùlé tó mítà kan ààbọ̀. Ìkìlọ̀ kan rèé: bí sílìn yín bá jẹ́ asbestos, èyí tó funfun sí eérú, tó le, tó sì ń fọ́ wẹ́wẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lù ú, kó má fi ayùn rẹ́ ẹ, kó má sì gbálẹ̀ eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bí ó bá sì ti ya púpọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó yọ ọ́.

Èyí tí mo ti sọ, yàrá méjì yín nìkan kò lè ṣe é parí. Àjà irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ní ìdábùú. Ó la gbogbo yàrá kọjá. Eku tí ẹ bá lé ní tiyín á lọ jókòó sí yàrá ẹbí kejì, á sì padà wá. Àwọn wolé-wolé tó ṣiṣẹ́ ṣáájú wa mọ èyí dáadáa. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eegbọn ara eku ń kó ran èèyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Wọ́n pa eku lọ́pọ̀ yanturu, àrùn náà ṣì ń yọjú fún ọdún bíi mélòó kan. Nígbà tó di 1928, ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board (LEDB) sílẹ̀ láti tún àwọn àdúgbò tó há, tí ilé wọn fún pọ̀, kọ́. Ọ̀rọ̀ eku padà di ọ̀rọ̀ ilé.

Mo mọ̀ pé ìyàwó ilé ni yín, ẹ ò lè dìde láti máa pàṣẹ fún ẹbí ọkọ. Kí ọkọ yín gbé e lọ bá olórí ẹbí, kí bàbá sì pe ìpàdé. Ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó bẹ̀rẹ̀, torí ẹnì kan á rò pé òun ni wọ́n ń bú ní ọ̀bùn, ìpàdé á sì tú ká níbẹ̀. Wáyà iná ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó gbé wáyà tí eku gé yẹn lọ́wọ́ lọ, kó fi hàn wọ́n: bí méjì nínú irú rẹ̀ bá fara kanra lórí àjà onígi, gbogbo ilé ló máa jó, kò ní í mọ yàrá ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó ń bá ìyẹn jiyàn. Kí wọ́n dá owó bíríkìlà àti káfíńtà jọ, kí gbogbo yàrá dẹ pańpẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí oníṣẹ́ iná sì yẹ gbogbo wáyà òkè wò. Bí àwọn kan bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ ní kí káfíńtà fi nẹ́ẹ̀tì irin dábùú àjà lórí yàrá yín, láti orí ògiri dé abẹ́ páànù, kí tiyín lè dá dúró.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn. Èlùbọ́ tí wọ́n lu jẹ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù. Ó dùn mí láti sọ ọ́, mo mọ iye tí èlùbọ́ ń jẹ́. Ibà Lassa tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno. Lónìí, Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló fi ń ràn, bí ó bá kan oúnjẹ tàbí tí èèyàn fọwọ́ kàn án. Èlùbọ́ á ṣì kan iná kó tó di àmàlà, ṣùgbọ́n gàrí tí a fi omi tútù mu kò kan iná kankan. Nítorí náà, gàrí ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò. Àpò, ọ̀rá àti apẹ̀rẹ̀ kò dá eku dúró. Ike ńlá tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ń fún, tàbí dúrọ́ọ̀mù, ni kí gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti ẹ̀gúsí máa wà. Ẹ má fi abọ́ tí wọ́n fi jẹun sílẹ̀ di àárọ̀. Bí ẹnì kan bá ń sin adìyẹ nínú ọgbà, oúnjẹ adìyẹ náà ni ọ̀pọ̀ eku fi ń gbádùn ilé. Kí òun náà ní ike tirẹ̀. Ẹ sì yẹra fún gàrí tàbí èlùbọ́ tí wọ́n sá sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ibi tí eku ti lè fò gun un lóru.

Ìgbẹ́ eku tó wà nílẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ni ẹ ó máa fà símú. Ẹ ṣí fèrèsé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ bu bleach, irú èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ife kan sínú ife omi mẹ́sàn-án, kí ẹ wọ́n ọn sórí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin gbingbin, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ wá fi bébà kó o. Òkú eku náà, ẹ wọ́n ọn sí i lára, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú ilé, tí ó lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ara ò yá, tí ọ̀fun ń dùn ún tàbí tó ń bì, ẹ lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà láìtijú pé eku wà nílé yín. Oògùn ibà Lassa wà, bí wọ́n bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Federal Medical Centre tó wà ní Ọ̀wọ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀.

Wàyí o, májèlé tí ẹ béèrè. Pẹ̀lú ọmọ tó ń rìn tó ń kó nǹkan sẹ́nu, mi ò ní kí ẹ lò ó nínú yàrá rárá. Ẹni tó ń tà á á ní eku tó bá jẹ ẹ́ á jáde lọ wá omi, ìta ni yóò kú sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan ló ń gbà kó tó pa eku, ibi tó ń sùn ló sì ń lọ bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́. Òmíràn máa ń di gáàsì olóró nínú ikùn ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ti àwọn tó ń po Sniper tàbí òtapiapia mọ́ ẹja láti fi pa eku, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá a láṣà. Oògùn kòkòrò oko ni, èémí rẹ̀ lásán lè da ọmọ láàmú, ọdún 2019 sì ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀. Bí ẹbí bá sọ pé dandan ni kí àwọn lo májèlé, kí ó jẹ́ èyí tó dì gbagidi, tó ní orúkọ àti nọ́ńbà NAFDAC lára, kí wọ́n fi sínú àpótí tí wọ́n tì pa níta, lẹ́bàá gọ́tà tàbí ṣáláńgá. Bí ọmọ bá sì jẹ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi tipátipá mú un bì. Epo náà lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù pẹ̀lú páálí májèlé náà lọ́wọ́, torí ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni dókítà máa fi mọ ohun tí yóò ṣe.

Káńfọ̀ tí wọ́n ní kí a jù sórí àjà kì í lé eku lọ. Èyí tí ó sì lè ṣe fún ọmọ ṣe pàtàkì: láàárín wa, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni a bí pẹ̀lú àìtó èròjà ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní G6PD, òórùn káńfọ̀ sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa bàjẹ́, kí ojú rẹ̀ di yẹ́lò. Ọmọ tuntun ló ń pa lára jù. Ẹ kó o kúrò nílé. Gọ́ọ̀mù eku ń mú èkúté, ṣùgbọ́n ààyè ló ń mú un, ó ń jìyà fún wákàtí púpọ̀, ó sì ń tọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jà, ohun tí a ò fẹ́ nínú ilé tí ibà Lassa lè dé. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń lé eku, kì í pẹ́ tí ariwo náà á fi mọ́ eku lára. Ẹ fi owó rẹ̀ ra nẹ́ẹ̀tì irin.

Ní ti ológbò tí ìyá ọkọ yín sọ, ẹ gbà á, ẹ má bá màmá jiyàn. Ológbò tó mọ ọdẹ á pa èkúté díẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì mú kí àwọn tuntun máa ṣọ́ra. Àmọ́ kò lè wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ǹtì, eku ńlá tó ti dàgbà a sì máa kọjú ìjà sí i, nítorí náà ẹ má torí tirẹ̀ dá bíríkìlà dúró. Ẹ máa fún un lóúnjẹ dáadáa, torí ológbò tí ebi ń pa á lọ wá ẹja nílé ẹlòmíràn. Bí ó bá ti wọlé, kí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé má fi májèlé sílẹ̀ mọ́, nítorí eku tó jẹ májèlé ló máa rọrùn jù fún un láti mú.